Sátẹ́láìtì Ń Ka Òrùlé, Ta Ni Yóò Ka Èèyàn?

Ọdún 2006 ni wọ́n ka àwọn ọmọ Nàìjíríà kẹ́yìn. Iye tí wọ́n kà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì súnmọ́ mílíọ̀nù 2.4. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó dìbò, síbẹ̀ ìkànìyàn mìíràn kò tíì wáyé, nítorí ìjọba Ààrẹ Buhari sún ti oṣù Karùn-ún 2023 síwájú. Ẹni tó ń ṣètò àjẹsára tàbí ilé ìwé ní Adó-Èkìtì lónìí, iye àtijọ́ tí wọ́n kàn ń bù kún lọ́dọọdún ló ń lò.

Irú àìní bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀nà tuntun, àrùn rọpárọsẹ̀ ló sì ṣí i fún wa. Àwọn tó ń fún ọmọdé ní òògùn àjẹsára ní Òkè Ọya ń fo àwọn abúlé kan tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ yà. Sátẹ́láìtì ló fi wọ́n hàn. Nígbà tó yá, ètò GRID3 àti àwọn onímọ̀ WorldPop ní Yunifásítì Southampton ka gbogbo èèyàn ní àwọn àdúgbò kéékèèké tí wọ́n ṣà, wọ́n fi wé ilé tó hàn nínú àwòrán, wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣírò iye èèyàn níbi tí wọn kò dé. Lọ́dún 2020, orílẹ̀-èdè Togo fi àkọsílẹ̀ ìlò fóònù kún un nínú ètò Novissi, láti mọ àwọn aláìní tí owó ìrànwọ́ kòrónà tọ́ sí.

Àwọn kan yóò béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń náwó lé ìkànìyàn ojúlé-dé-ojúlé fún? Èkìtì gan-an ló ní ìdáhùn. Òrùlé kan ní Ìwòròkò, nítòsí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, lè bo ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Òrùlé tó tóbi bákan náà lè jẹ́ ti ilé tí ọmọ ìlú tó ń gbé l'Ékòó máa ń ṣí nígbà Kérésìmesì nìkan. Lójú sátẹ́láìtì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹnìkan lè ní síìmù mẹ́ta, kí ìyá àgbà tó wà lóko má ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìkànìyàn náà kò bọ́ lọ́wọ́ àríyànjiyàn: lọ́dún 2006, wọ́n kéde nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 fún Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní òun ka ju mílíọ̀nù 17 lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọ̀kan máa yẹ èkejì wò. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò máa fi fóònù ṣọ́ wọn, ẹ̀rù wọn tọ́: àròpọ̀ tí kò ní orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nìkan ni kí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi sílẹ̀, kí òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì mú ẹni tó bá rú u.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìkànìyàn, àmọ́ Èkìtì kò ní láti káwọ́ gbera. Kí àwọn oníṣirò ìpínlẹ̀ ka àdúgbò díẹ̀ tán pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, kí wọ́n fi wé àwòrán, kí wọ́n sì tẹ iye náà jáde pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i, kí ará ìlú lè yẹ̀ ẹ́ wò.