Ilé Orí Táyà àti Epo Tí Ó Ń Mu

Ó ṣòro kí ìwé wa yìí jáde láìsí ìròyìn ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú láti ilé, ìpè ni gbogbo wọn sì jẹ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Epo tí a ń rà ní nǹkan bí N200 ní lítà kan kọjá N500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti dé nǹkan bí N1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ohun tí ó ti inú èyí wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìdílé tí ó ti ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún di ẹni tí ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn ń rán bàbá nìkan lọ, ìyá àti àwọn ọmọ a sì jókòó sí Enugu. Ọmọ tí kò bá mọ ojú ọ̀nà ilé baba rẹ̀ lónìí, ta ni yóò fi hàn án lọ́la? Kí wọ́n tó parí afárá Onitsha ní 1965, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó mọ́tò àti èrò kọjá sí Asaba. Ní 2023 ni wọ́n ṣí afárá kejì. Odò kò dí wa lọ́nà mọ́. Owó epo ni ó dí wa.

Nínú ìnira yìí ni àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ti ń bèèrè nípa ilé kékeré tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn. Wọ́n rí i nínú fọ́tò tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́: ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, tábìlì ìjẹun wà níbẹ̀. Èrò wọn ni pé bí a bá ra tòkúnbọ̀ rẹ̀ kan tí kò wúwo, inú rẹ̀ ni a ó máa sùn nígbà tí èrò ìsìnkú bá kún ilé, a ó sì bọ́ lọ́wọ́ owó òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti wúwo, epo rẹ̀ kò ní pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa ni, nítorí owó ńlá ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní caravan, àwọn ará Amẹ́ríkà ní trailer. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ tírélà ní Enugu, ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà ni ọkàn gbogbo ènìyàn yóò lọ sí. Nítorí náà, ilé orí táyà ni àwa yóò máa pè é.

Nítorí ìdílé ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì. Ọ̀gbẹ́ni Arist Dethleffs jẹ́ oníṣòwò tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e kiri, ìyàwó rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pínyà. Ní 1931 ó kan ilé kékeré kan sórí táyà, ó so ó mọ́ mọ́tò rẹ̀, tìyàwó tọkọ sì jọ ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Airstream fi páànù alumíníọ̀mù ṣe tiwọn. Ní 1947 wọ́n ya fọ́tò ará Faransé kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje, Alfred Letourneur, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere fa odidi ilé kan, kí ayé lè rí bí ó ti fúyẹ́ tó. Ní 1959, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Wally Byam, kó ilé orí táyà 41 gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá láti Cape Town títí dé Cairo. Ní 1968 ni ọ̀gbẹ́ni Ray Olecko ní Winnipeg, ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Boler. Fáíbà ni ó fi ṣe é, kò sì tó 500 kílò.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: bí ènìyàn bá lè fi ẹsẹ̀ fà á, kí ni yóò ṣe mọ́tò? Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ rọra ń lọ ni. Mọ́tò kì í rọra lọ, bí mọ́tò bá sì ti ń sáré, ẹrù méjì ni ó ń fà: ìwọ̀n ilé náà, àti afẹ́fẹ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí ó ru tìmùtìmù fóòmù jáde láti ọjà Ogbete ní ọjọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́. Tìmùtìmù náà kò wúwo, ọmọdé lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí i, àgbàlagbà pàápàá yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé orí táyà tí ó ga ju orí mọ́tò lọ ṣe ń rí lójú ọ̀nà. Ìyára ni ó sì ń fún afẹ́fẹ́ lágbára. Bí a bá kúrò ní ìrìn 80 kìlómítà ní wákàtí kan tí a bọ́ sí 100, ìdámẹ́rin péré ni a fi kún eré wa, ṣùgbọ́n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá wa dúró yóò lé ju ìlàjì lọ. Epo ni a ó fi san án.

Ìwọ̀n náà ní ibi tirẹ̀. Orí òkè ni ó ti ń gba owó, àti ibi tí a ti ń dúró tí a tún ń ṣí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ ti Milliken Hill gòkè lọ sí Ngwo àti Ninth Mile mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń kérora níbẹ̀ láìfa nǹkan kan. Bí a bá tún fi 500 kílò kọ́ ọ nídìí, jíà kékeré ni yóò máa lò títí yóò fi dé òkè, ibi ìdúró àwọn agbófinró tí ó pọ̀ lójú ọ̀nà kò sì ní jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí a sọ pé ìrìnàjò wa jẹ́ 500 kìlómítà, mọ́tò wa sì ń fi lítà kan rin kìlómítà 10. Lítà 50 ni yóò gbé wa délé. Bí a bá so ilé orí táyà tí kò wúwo mọ́ ọn, tí lítà kan wá ń rin kìlómítà 7 péré, yóò mu nǹkan bí lítà 71. Ní àlọ àti àbọ̀, lítà 43 ni ó lé. Bí lítà kan bá jẹ́ N1,000, N43,000 ni a san fún afẹ́fẹ́ àti òkè. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ń ra epo àti bí mọ́tò tirẹ̀ ti ń rìn ṣírò rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irú ilé bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má bèèrè ìwọ̀n rẹ̀ nìkan; ẹ bèèrè gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ ara wọn kan irú kan tí ó rí bí ẹ̀kán omi, tí kò ga ju mọ́tò lọ. Ènìyàn méjì ni ó lè sùn nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni a ti ń dáná. Irú èyí ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò, afẹ́fẹ́ kò sì rí i mú bíi ti gíga.

Lẹ́yìn epo, ìtọ́jú ni ó kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n ti ní i pẹ́ ti máa ń sọ̀rọ̀ jù. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́: ojú ìsopọ̀ òrùlé àti fèrèsé a máa jò, pátákó inú a sì jẹrà kí onílé tó mọ̀. Táyà rẹ̀ kì í gbó nípa ìrìn. Oòrùn àti ìdúró ni ó ń pa á, nítorí oṣù mẹ́wàá lè kọjá tí kò kúrò lójú kan. Bẹ́rínì rẹ̀ ń fẹ́ gíríìsì, bíréèkì rẹ̀ ń fẹ́ àbójútó, ó sì ń fẹ́ ibi ìgbélé. Nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé ní Enugu, ibo ni a ó gbé e sí? Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, ọgbà wà tí a ti ń sanwó gbé e sí mọ́jú, pẹ̀lú omi àti iná. Ní ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí a óò gbà nímọ̀ràn pé kí ó sùn sẹ́bàá ọ̀nà.

Ìmọ̀ àwọn onílé orí táyà wọ̀nyí wúlò fún àwa tí a kò ní i, nítorí púpọ̀ nínú wa ń fi ọkọ̀ fa ẹrù tàbí gbé e lórí. Èkíní, ẹrù orí mọ́tò ń jẹ epo ju bí a ti rò lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àpótí ńlá lórí mọ́tò lè dín ìrìn tí epo ń fún wa kù láti 10 sí 25 nínú 100 bí a bá ń sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn mọ́tò, 1 sí 5 ni ó ń dínkù ní ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ gbé àpò gàrí sọ̀kalẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù. Èkejì, bí ẹ bá ń fa ohunkóhun, ohun tí ó wúwo jù ni kí ẹ gbé sórí táyà rẹ̀ gan-an, kí iwájú wúwo díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ̀yìn bá wúwo, yóò máa mì bí ìrù ejò, ó sì lè dojú mọ́tò dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé kí ohun tí a ń fà má ju 85 nínú 100 ìwọ̀n mọ́tò lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ rọra. Òfin Jámánì fi 80 kìlómítà lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí ni ó lè sáré dé 100. Ẹni tí ó bá rọra pa eèrà ni ó ń rí ìfun inú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tiwa nìyí. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní owó, tí ó fẹ́ ilé orí táyà fún ìgbádùn, kí ó rà á, a ó bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kí owó ilé lè dínkù, kí ó kọ́kọ́ fi owó yẹn wé yàrá kan nínú ilé baba rẹ̀. Yàrá kì í mu epo, afẹ́fẹ́ kì í fà á sẹ́yìn, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ pé tiwọn ni. Ní ti ojú ọ̀nà, bí ìdílé mẹ́ta tí ìlú wọn súnmọ́ra bá jọ gba bọ́ọ̀sì kan, owó epo yóò pín sí mẹ́ta. Kí àwọn tí ń lọ sí Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀wọ̀ tètè wá ara wọn rí ní ìpàdé kí ọdún tó dé, kí ìyá àti ọmọ lè bá wọn lọ. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí Olúwa mú wa lọ, kí ó mú wa bọ̀.