Wákàtí 28 Lọ́sẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ìyàwó Tó Fẹ́ Kọ́ni ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Jàpáàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá àwọn ìyàwó wa kan wí, àwọn tí ọkọ wọn rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Jàpáàn gbà ní yunifásítì, tàbí tí ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, tí ó sì kó ìdílé rẹ̀ lọ. Ọkọ a máa jáde láàárọ̀, a sì máa wọlé lálẹ́. Owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sáábà tó fún owó ilé, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ. Ìyàwó tó ti ṣe olùkọ́ nílé kò sì fẹ́ káwọ́ gbera. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé òun lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wá owó. Èrò náà dára. Ọ̀nà tó tọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó lè dá gbogbo ìdílé padà sílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Káàdì olójú méjì

Físà tí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ń gbà ni ti ẹni tí ọkọ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kazoku taizai ni àwọn ará Jàpáàn ń pè é. Bí ó bá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú ńlá bíi Narita tàbí Kansai, wọn yóò fún un ní káàdì ìgbélùú. Láàárín ọjọ́ 14 tó bá ti rí ilé, ó gbọ́dọ̀ lọ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Iwájú káàdì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìrètí wà. Bí ó bá tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, tí wọ́n sì gbà, wọn yóò tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn káàdì náà pé ó lè ṣiṣẹ́ tí kò ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀. A kì í san owó fún ìyọ̀ǹda yìí, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù méjì. Kí ó tó jáde, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí físà bá sì parí ni ìyọ̀ǹda náà parí. Bí wọ́n bá tún físà ṣe, a ó tún ìyọ̀ǹda mìíràn tọrọ.

Ti ẹni tó fẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Jàpáàn yàtọ̀. Òun lè ṣiṣẹ́ láìka wákàtí. Kí ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi tirẹ̀ wé tirẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Láti ọdún 2020 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di iṣẹ́ gidi ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Jàpáàn. Yàtọ̀ sí ilé ìwé ìjọba, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní eikaiwa wà ládùúgbò. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń lọ lẹ́yìn ilé ìwé, tí àwọn àgbàlagbà sì ń lọ lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sátidé. A lè béèrè iṣẹ́ ní Hello Work, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́. A sì lè mú ìwé ìtàn iṣẹ́ wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fúnra wa.

Ìpolówó púpọ̀ ni yóò sọ pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ni àwọn ń wá. Kí arábìnrin wa má ṣe torí èyí padà sẹ́yìn, kí ó má sì purọ́. Kí ó sọ gbangba pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun ní ilé ìwé ní Nàìjíríà, kí ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tọrọ ààyè láti kọ́ni níṣojú wọn.

Ọmọ Yorùbá tilẹ̀ ní àǹfààní kan. Èdè Jàpáàn, bíi tiwa, kì í sáábà fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn. Bí a ti sọ table di tábìlì ni àwọn náà sọ ọ́ di tēburu. Bí a ti sọ bus di bọ́ọ̀sì ni àwọn sọ ọ́ di basu. Àwa kò ní v àti z. Àwọn kò ya l àti r sọ́tọ̀. Olùkọ́ tó ti kọ́ ọmọ Ìbàdàn kí ó má ṣe pe very ní fẹ́rì mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ Jàpáàn lẹ́sẹ̀.

Kí ó fi híjáàbù rẹ̀ ya fọ́tò tí yóò lẹ̀ mọ́ ìwé náà. Kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìrun kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, nítorí ní oṣù Dìsẹ́ńbà, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ ní Tokyo, tí ìrun Mọ̀gàríbì yóò sì bọ́ sí àárín iṣẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo arábìnrin kan tó rí iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fi wákàtí 14 lọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ka owó ilé, ó ní: “Ìyá àwọn ọmọ, ta ni yóò mọ̀?”

Ìjọba yóò mọ̀. Láti oṣù Ọ̀kitóbà ọdún 2007 ni òfin ti ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa ròyìn àjèjì tí wọ́n bá gbà. Ìwé owó orí tún ń fi iye tí èèyàn gbà lọ́dún hàn. Wákàtí ibi iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń ròpọ̀, ọjọ́ yòówù tí a bá sì ti ka ọ̀sẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ ju 28. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn. Ìyàwó kò lè ṣe é. Ẹni tó bá kọjá òfin, wọ́n lè kọ̀ láti tún físà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Kí ni ọkọ yóò wá ṣe, tí ìwé rẹ̀ kò tíì parí, tí ìyá ọmọ kò sì sí nílé mọ́?

Bí arábìnrin náà bá gbọ́n, yóò dáhùn pé: “Bàbá wọn, mẹ́fà ni mo lè gbà nínú 14 náà.” Ogún àti mẹ́fà, 26 ni. Méjì tó ṣẹ́kù yóò wà fún ìpàdé tàbí iṣẹ́ òjijì.

Kí ó má sì rò pé kíkọ́ ọmọ aládùúgbò nínú pálọ̀ kò kan òfin. Iṣẹ́ àdáṣe tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́rìí wákàtí rẹ̀ ń fẹ́ ìyọ̀ǹda tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́, tí ìyàwó sì wà lábẹ́ ètò ìlera ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó rántí pé bí owó tirẹ̀ bá tó 1,300,000 yen lọ́dún, òun ni yóò máa san ti ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ ara ògiri, kí ẹ jọ máa kọ wákàtí sí i lálaalẹ́, kí ẹ sì ròó pọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó tó wọlé láìsí ìbẹ̀rù ni ìdílé ń jẹ pẹ́.