Bí Àwọn Oníṣẹ́ Dígí Róòmù Àtijọ́ Ṣe Ń Jó Etí Mọ́ Ìgò

Nígbà tí a bá ń ṣàlàyé ìgò dígí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé wọ́n ‘lẹ̀’ etí mọ́ ọn. Kí a tó gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ó yẹ kí a yẹ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wò.

Ní nǹkan bí 50 ọdún ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn oníṣẹ́ ní agbègbè etíkun Síríà àti Palẹ́sítínì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èémí fẹ́ dígí yíyọ́ di ohun èlò. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn ká ilẹ̀ ọba Róòmù. Bí oníṣẹ́ bá ti fẹ́ ìgò tán, kò ní jẹ́ kí ó tutù. A ó fi ọ̀pá irin bu dígí yíyọ́ díẹ̀ láti inú iná ìléru, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká ìgò, a ó sì fà á sókè. Lẹ́yìn èyí, a ó yí i wá sí ọrùn, ní abẹ́ ẹnu ìgò, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó sì gé èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí irú etí bẹ́ẹ̀ fi máa ń nípọn ní èjìká, tí ìṣẹ́po sì máa ń hàn ní ọrùn.

Ẹ̀rí mìíràn wà lára etí àwọn ife tí ó ní orúkọ Artas ará Sídónì, ti ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi. A fi òǹtẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ sí i, ní èdè Látìn àti ti Gíríìkì. Òǹtẹ̀ kò lè wọ dígí tí ó ti tutù.

Bí ara ìgò bá tutù jù nígbà tí etí gbígbóná bá kàn án, yóò sán. Bí dígí méjèèjì kò bá sì jọ ń kéré sí i ní ìwọ̀n kan náà bí wọ́n ti ń tutù, ojú ìsopọ̀ kò ní pẹ́ tú. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé ìgò náà sí ibi tí ooru ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

A rí i pé kò sí àtè kankan láàárín etí àti ìgò. ‘Lílẹ̀’ kò bá a mu. ‘Jíjó mọ́’, tí àwọn tí ń fi iná so irin pọ̀ ń lò, ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ní ti orúkọ ohun tí a ń dì mú, idà àti ọ̀bẹ ni ó ni ‘èèkù’. ‘Etí’ ni ó bá ẹnu, ọrùn àti èjìká rìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ‘jó etí mọ́ ìgò’ yóò mọ̀ pé iná ni ó so wọ́n pọ̀, àti pé àkókò tí oníṣẹ́ ní kò gùn.