Bí Òbí Bá Ń Lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Lókèèrè, Ọ̀dọ̀ Ta Ni Ọmọ Yóò Wà?

Ẹ̀yin òbí tí ń ka ojú ewé yìí, a fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú. Púpọ̀ nínú wa ni ń fi ilé sílẹ̀ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i, a kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí bàbá àti ìyá kò bá gbé pọ̀ mọ́, tí a sì ti là á sílẹ̀ bí olúkúlùkù yóò ṣe máa rí ọmọ àti iye tí yóò máa san, ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ a máa tú gbogbo ètò náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan ń gbé ní Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 7. Bàbá ọmọ náà wà ní Èkó, a sì máa wá mú un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìyá rí àyè ẹ̀kọ́ ọdún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ kò gbà fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè mọ́ pé kí wọ́n mú ọmọ wọn dání, àfi àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ìyá bá gbé ọmọ fún ìyá àgbà ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹnu ará àdúgbò ni bàbá ti gbọ́. Inú bí i, ó dá owó oúnjẹ dúró. Àwọn ará ilé ìyá náà sì kọ̀ fún un láti rí ọmọ. Ta ni ìyà náà jẹ? Ọmọ ni.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé owó ìtọ́jú kì í ṣe owó tí a fi ń ra ojú ọmọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni méjèèjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 wí pé kí òbí tọ́jú ọmọ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti tó. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti ọdún 1989, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991, sì wí pé kí ọmọ máa rí òbí rẹ̀ méjèèjì déédéé, àfi bí èyí bá lè pa á lára.

Àwọn àgbà wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí ẹni tí ń lọ sọ fún ẹnì kejì ní kùtùkùtù, kí wọ́n kọ àdéhùn tuntun sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó pàṣẹ ti ìṣáájú: Ilé Ẹjọ́ Gíga fún ìgbéyàwó ti òfin ìjọba, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ fún ti àṣà. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fún Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbára láti yí àṣẹ rẹ̀ padà, ire ọmọ ni a ó sì kọ́kọ́ wò. Títí a ó fi yí i padà, àṣẹ àtijọ́ dúró. Bí owó tí ń wọlé fún bàbá bá dínkù nítorí ẹ̀kọ́, kí ó bẹ ilé ẹjọ́ kí a dín in kù. Kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Kí ni kí a kọ sínú àdéhùn náà? Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò wà, kí owó sì tẹ̀ lé ọmọ lọ síbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kò bá ṣeé ṣe mọ́, kí a fi ìsinmi gígùn dípò rẹ̀, kí a sì kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Kí a dá ọjọ́ àti wákàtí ìpè fóònù. Láti ìparí oṣù kẹwàá dé ìparí oṣù kẹta, wákàtí kan ni aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wà lẹ́yìn tiwa. Ẹni tí ó bá pè ní aago mẹ́jọ alẹ́ níbẹ̀ lè bá ọmọ lójú oorun níhìn-ín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá padà dé, nítorí ọmọ yóò ti mọ́ ilé tuntun lára, ìjà mìíràn sì lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jókòó pọ̀, bí ọ̀rọ̀ àárín yín tilẹ̀ korò. Kí ọmọ sì gbọ́ nípa ìrìn-àjò náà láti ẹnu ẹ̀yin méjèèjì, kí ó má baà rò pé òun ni a sá fún.