Ọ̀bẹ Olóòlà àti Ọ̀bẹ Dókítà

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ. Akéwì kan ló mú mi dé ìdí rẹ̀. Latunde Odeku, ọmọ Áwẹ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ ọ. Ní 1962 ó padà sí Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì ń kọ ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1974, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ náà kò bá a kú, nítorí pé àwọn mìíràn, bí Adelola Adeloye, ti wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, ilé olóòlà kì í wá ọmọṣẹ́ kiri. Ọmọ a bá baba jókòó, a di orí ìkókó mú fún un. Ó pẹ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọmọ dókítà ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní yunifásítì àti ìsìnlú ọlọ́dún kan, ó tún kù tó bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lábẹ́ ọ̀gá, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìdánwò. Nígbà náà, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, owó oṣù sì lè má tètè dé. Òfin 2017 dá àpò owó sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ó sì dára. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń lé wọn lọ.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wí fún mi pé oṣù mẹ́ta ni òun fi di irin mú kí ojú abẹ má baà pàdé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí wọ́n ń gé fún òun. Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí.

Ẹ wo apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ tí ìfun há sínú ìpá rẹ̀ lóru. Wákàtí díẹ̀ ló ní, ọ̀nà Ìkẹjà sì jìn. Èmi ìbá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan lo ọdún kan ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú, kí a fún un nílé tó ní iná, kí ọ̀gá rẹ̀ náà máa gbé nítòsí. Ìpá wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ń mọ ọ̀bẹ í dì mú, kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa.