Ìwé-Ẹ̀rí àti Ìrírí ní Ẹnu Ọ̀nà Iṣẹ́ Ológun: Ohun tí Olùkọ́ ní Òkè-Ògùn Ní Láti Mọ̀

Ìfáárà

Ní Ìjìó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn, ọ̀nà méjì ni ọmọ tí kò fẹ́ dúró ti oko nìkan sábà máa ń gbà. Èkínní ni kí ó kàwé dé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, kí ó sì máa lé èsì WAEC tàbí NECO kiri. Èkejì ni kí ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wẹ́dà, télọ̀ tàbí àwọn tí ń ṣe iná mànàmáná, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ìkéde ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ ológun bá jáde, àwọn ọmọ ọ̀nà méjèèjì ni í fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń gbé wá bá olùkọ́: èwo ni wọ́n ń wò, ṣé ìwé ni àbí iṣẹ́ tí ọwọ́ mọ̀?

Èsì tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó bá ní ìwé yóò di ọ́fíṣà, ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ ọwọ́ yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́. Òótọ́ wà nínú èsì yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Ibi tí kò pé sí gan-an ni ó ti ń ba ti ọmọ jẹ́, nítorí ọmọ tó bá gbà á gbọ́ lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ ọwọ́ yóò gba ipò WAEC fún òun. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ó sì fi hàn pé lóde òní, kò sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà tí ìrírí lè dá gbà wọlé láti ìgboro láìní ìwé tí yóò jẹ́rìí sí i.

Láti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Amúnisìn dé Kàdúná

Láyé ìjọba amúnisìn, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí West African Frontier Force, kò bìkítà fún ìwé lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé ìbọn. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń wá irú wọn jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n wá nílò akọ̀wé, awakọ̀, mẹkáníìkì, àwọn tí ń fi wáyà ránṣẹ́ àti àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì yíjú sí àwọn ọmọ ìhà gúúsù tí wọ́n ti kàwé díẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ogun ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Burma, níbi tí àwọn ọmọ ogun Japan ti kọlù wọ́n ní 1944. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kan, ọmọ Sàró, fara pa mọ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará abúlé kan kí wọ́n tó rí wọn gbà. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí níbí ni pé, láti ìgbà náà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ àkànṣe inú ogun kò jìnnà sí ìwé kíkà. Ẹni tí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn kò lè tọ́jú ẹni tó gbọgbẹ́.

Ní ti oyè ọ́fíṣà, ìrírí ni àkàbà tí àwọn ará ìṣáájú gùn. Johnson Aguiyi-Ironsi wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán ní 1942, ó sì di ọ́fíṣà ní 1949. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, wọlé ní 1943. Sájẹ́ǹtì ni ní ẹ̀ka ìfiránṣẹ́ nígbà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951, ó sì di 1954 kí wọ́n tó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi di ọ́fíṣà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ó fi wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó tẹ̀lé wọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ parí ẹ̀kọ́ ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì wọṣẹ́ ogun ní 1958. Ó lọ sí Teshie ní Gánà, ó lọ sí Mons ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ́fíṣà ní 1959. Odumegwu Ojukwu, tí ó ti gboyè ní Yunifásítì Oxford, wọlé ní 1957, ó sì di ọ́fíṣà ní 1958. Ohun tí ó gba Fájuyì ní ọdún mọ́kànlá kò gba àwọn wọ̀nyí ju bí ọdún kan lọ. Kì í ṣe pé Fájuyì kò tó wọn. Iṣẹ́ tí ó ṣe ní Kóńgò ni ó mú kí wọ́n fún un ní Military Cross. Ìwé ni ó dín ìrìn àwọn ti ẹ̀yìn kù.

Nígbà tí wọ́n dá Nigerian Defence Academy sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964, ọ̀nà tí à ń gbà di ọ́fíṣà túbọ̀ wá dà bí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Láti 1985 ni NDA ti ń fúnni ní oyè yunifásítì. Ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń lò: mẹ́rin fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ogun gan-an.

Ìdí tí Ìwé fi Borí

Àgbàlagbà Ìjìó kan lè bi olùkọ́ pé, ṣebí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà? Báwo ni ọmọ ọdún 18 tí ó mú èsì ìdánwò wá yóò ṣe ṣáájú ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín gbá a dànù.

Apá kan ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ́fíṣà ń ka máàpù, ó ń ṣírò ọ̀nà àti àsìkò, ó ń kọ àṣẹ sílẹ̀ kí ẹni tí ó wà ní ibi jíjìn lè mú un ṣẹ láìṣì í gbọ́. Ẹni tí a fẹ́ kọ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti fi hàn pé òun lè kẹ́kọ̀ọ́ ni a ń wá. Kì í ṣe ohun tí ó ti mọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, bí kò ṣe ohun tí ó lè mọ̀.

Apá kejì ni a kì í sábà sọ. Ìrírí ṣòro láti fi wé ara wọn. Ta ni yóò sọ pé ọdún mẹ́fà tí ọmọ Ìjìó kan lò lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó tàbí kò tó ọdún mẹ́rin tí ọmọ Èkó kan lò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá? Ẹni tí ó bá ní ọ̀gá tí orúkọ rẹ̀ tàn ni yóò máa borí. Ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì nínú ìmọ̀ ìṣirò, ọ̀kan náà ni ní Ìjìó àti ní Èkó. Láti 1958 ni wọ́n ti ń pín àyè ìgbanisíṣẹ́ ológun láàrin àwọn ẹkùn ilẹ̀ wa. Níbi tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ bá wà, ohun tí ó ṣeé kà lórí tábìlì ni ó ń gba ọmọ tí kò ní ẹni ńlá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé-ẹ̀rí ni ó ń ti ọmọ ìlú kékeré sẹ́yìn. Lọ́nà yìí, òun ni ààbò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò ti ilẹ̀kùn ìrírí pa pátápátá. Ọmọ ogun tí ó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́, tí ìwà àti iṣẹ́ rẹ̀ sì dára, lè di ọ́fíṣà nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Executive Commission. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ẹnu ọ̀nà yìí wà. Ẹni tí ó wà ní ìta kò lè gbà á wọlé.

Àwọn tí ó wà ní ìta ní ọ̀nà méjì pàtàkì sí oyè ọ́fíṣà. NDA ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, pẹ̀lú ìdánwò JAMB. Ọ̀nà Direct Short Service wà fún àwọn tó ti gboyè yunifásítì tàbí HND, tí wọ́n sì ní ìwé NYSC. Nínú ìkéde àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọdún 20 sí 32 ni ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà fún un. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbà nìkan ni wọ́n ń gbà dé 40. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi fún àwọn oníṣègùn yìí yẹ ní kíkíyèsí, nítorí ìrírí ni wọ́n fi ń ra ọdún mẹ́jọ náà.

Ẹnu Ọ̀nà Oníṣẹ́ Ọwọ́

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ìkéde ìgbanisíṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ pín àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni páàsì mẹ́rin, ó kéré tán, nínú WAEC, NECO, GCE tàbí NABTEB, láàrin ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá sọ pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú ìwé-ẹ̀rí Trade Test tàbí ti City and Guilds wá pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni “pẹ̀lú”. Kì í ṣe “dípò”. Ẹni tí kò ní ìwé kankan, bí ó tilẹ̀ lè tú ẹ́ńjìnnì ká kí ó sì tò ó padà lójú òru, kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Kí wá ni èrè ìrírí? Ọjọ́ orí ni. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàrin ọdún 18 sí 22. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè dé 26. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye ọdún tí ọmọ ń lò lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́.

Ohun mìíràn tí ń dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni ìwé ìyọ̀ǹda. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba ìyọ̀ǹda, ọ̀gá rẹ̀ àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà yóò fún un ní ìwé tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́. Wọn yóò pọntí, wọn yóò fọ̀nà rokà, wọn yóò sì gbàdúrà. Ìwé iyì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí àárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni. Trade Test yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe ìdánwò náà, ẹni tí kò mọ ọ̀gá ọmọ náà rí ni yóò sì yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ìpele mẹ́ta ni ó ní, láti ìpele kẹta tí ó kéré jù dé ìpele kìn-ín-ní. Bákan náà ni ti iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ìjọba fi kún ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní 2011: ìkéde náà kò dárúkọ èsì wọn gẹ́gẹ́ bí arọ́pò Trade Test.

Ká ní ọmọ kan ní Ìjìó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn JSS 3 ní ọmọ ọdún 15. Ó kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó gba ìyọ̀ǹda ní 19, ó bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ ní ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ìmoore, ó sì lọ dá dúró. Ní ọdún 23, ó gbọ́ ìkéde. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dára, ọdún mẹ́ta sì ṣẹ́kù fún un. Ṣùgbọ́n kò ní páàsì kan ṣoṣo. Bí ó bá padà sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, tí ó jókòó ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì dúró de Trade Test, ó lè pé 26 kí ìkéde mìíràn tó jáde. Olùkọ́ tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní JSS 3 ni ó lè yí èyí padà. Kò sí ẹlòmíràn.

NCE Ńkọ́?

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́-ń-kọ́ṣẹ́ bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. NCE nìkan kò tó fún oyè ọ́fíṣà. Oyè yunifásítì tàbí HND ni Direct Short Service ń fẹ́. Ẹni tí ó ní NCE nìkan, ẹnu ọ̀nà ọmọ ogun kékeré ni tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú a máa ṣí àyè fún àwọn onínú NCE àti ND láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ náà kò sì kóyán iṣẹ́ olùkọ́ kéré: wọ́n ní ẹ̀ka tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nìkan, ilé-ẹ̀kọ́ wọn tí ó wà ní Sọ̀bí ní Ìlọrin sì ń fúnni ní NCE. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀ka yìí gẹ́gẹ́ bí ọ́fíṣà, kí ó kọ́kọ́ parí oyè B.Ed. rẹ̀.

Ìrírí tí Ó Rí Ẹlẹ́rìí

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ rí báyìí. Láti 2009 sí 2016, ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, tí ó ṣí iṣẹ́ ogun sílẹ̀ fún àwọn àlejò tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ lọ́nà òfin. Àwọn oníṣègùn àti àwọn tó gbọ́ èdè kan tí wọ́n nílò ni wọ́n ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Èdè tí ọmọ mu mọ́ ọmú di iṣẹ́ àkànṣe! Síbẹ̀, wọn kò gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé òun gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ń dán an wò lẹ́nu, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, kí ó sì yege nínú ìdánwò tí gbogbo ọmọ ogun ń ṣe.

Nílé níbí, àwọn ọdẹ Òkè-Ògùn ni ìrírí wọn sún mọ́ iṣẹ́ ogun jù. Wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ nínú ọ̀dàn, wọ́n mọ ibi tí omi wà lọ́gbẹlẹ̀, wọ́n sì lè ṣọ́ oru mọ́jú. Ilé-iṣẹ́ ológun kò ní ẹnu ọ̀nà fún irú ìmọ̀ yìí. Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ni ó fi àyè gba ọdẹ; iṣẹ́ ìpínlẹ̀ sì ni, kì í ṣe iṣẹ́ ológun. Kò sí Trade Test fún ìmọ̀ ọdẹ, èyí sì jẹ́ àdánù fún ọmọ ogun tí ń jà nínú igbó. Ṣùgbọ́n títí tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yóò fi wà, ọmọ ọdẹ náà gbọ́dọ̀ ní páàsì mẹ́rin rẹ̀.

Àsìkò tí ó dára jù fún olùkọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbà tí ọmọ ṣì wà lórí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ń lo ọlidé ní ṣọ́ọ̀bù. Kí olùkọ́ JSS 3 àti SS 1 mọ àwọn tí wọ́n jẹ́, kí ó bá òbí àti ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ kí ìkọ́ṣẹ́ má baà gba àkókò ìdánwò, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ tí ó sún mọ́ ìyọ̀ǹda mọ̀ pé ó ṣì ku Trade Test. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ogun, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń kún un. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ mú owó wá fún un ń jalè ni. Kí wọ́n sì ka ọjọ́ ìbí tí ó wà nínú ìwé ọmọ náà dáadáa, nítorí ẹni tí ó bá ti kọjá ọdún 26, bí páàsì rẹ̀ bá pé mẹ́sàn-án tí ó sì gba ìpele kìn-ín-ní nínú Trade Test, wọn kò ní ka fọ́ọ̀mù rẹ̀.