Òògbé Ọ̀sán, Gbèsè Òru

Bí àgbàlagbà bá rí ọmọdé tí ń tòògbé ní ọ̀sán gangan, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé o kò sùn lóru ni?” Ṣùgbọ́n bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì bá jókòó sí kíláàsì agogo 8 àárọ̀, tí a ń mi orí bí alángbá, kì í sí ẹni tí yóò bi wá bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ ni wọn yóò pè wá. Àwọn mìíràn nínú wa tilẹ̀ gbà pé àwọn ọ̀tá ilé bàbá wọn ló rán oorun náà sí wọn, wọ́n sì ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Ní tèmi, gbèsè ni mo rí i sí. Òru ni a ti jẹ ẹ́; ọ̀sán ni olówó ń wá sin ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí Yorùbá kò pe gbogbo oorun ní orúkọ kan náà. Ẹni tó rẹjú, oorun díẹ̀ ló sùn. Ẹni tó sùn fọnfọn ti lọ pátápátá. Ẹni tó ń tòògbé ní tirẹ̀ kò tíì sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lajú dáadáa. Òògbé yìí gan-an ni dókítà kan ní Ọsirélíà, Murray Johns, ṣe òṣùwọ̀n fún ní 1991, èyí tí a mọ̀ sí òṣùwọ̀n Epworth. Ìbéèrè 8 ló wà níbẹ̀. Kò béèrè bóyá ó rẹ ènìyàn. Ohun tó ń béèrè ni bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ènìyàn tòògbé bí ó bá ń kàwé, bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ níbi ìpàdé, tàbí bí ó bá jókòó tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Ẹni tó bá gbà ju 10 lọ, òògbé rẹ̀ ti kọjá bó ti yẹ. Mo dán an wò fún ara mi. Ẹ má bi mí ní iye tí mo gbà.

Báwo ni gbèsè náà ṣe ń gorí ara wọn? Láti ìgbà tí a bá ti jí ni ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní adenosine ti ń kó jọ sínú ọpọlọ. Bí ó ti ń pọ̀ ni oorun ń kùn wá, oorun nìkan ló sì ń gbá a kúrò. Kọfí kì í gbá a. Ojú ibi tó ń gbà ṣiṣẹ́ ni káféènì inú rẹ̀ ń dí. Ó sì máa ń tó nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì káféènì tó kúrò lára. Oorun wákàtí 7 sí 9 ni ó yẹ ẹni tó jẹ́ ọdún 18 sí 25. Mélòó nínú wa ló ń rí i sùn?

Ọ̀nà tí a fi ń jẹ gbèsè yìí jù ni kíkàwé mọ́jú, èyí tí a ń pè ní tí-dí-bí. Ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid fi hàn pé bí ènìyàn bá ti wà láìsùn fún wákàtí 17, iṣẹ́ rẹ̀ kò sàn ju ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú 100 lọ. Ẹni tó jí ní agogo 6 àárọ̀, agogo 11 alẹ́ ni wákàtí 17 rẹ̀ pé. Agogo 11 yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìwé jáde.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé oorun tí a ń sá fún ló ń bá wa tọ́jú ohun tí a kà. Ní 1924, John Jenkins àti Karl Dallenbach ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì há àwọn sílébù aláìnítumọ̀ sórí, mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà mìíràn wọn a sùn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn wọn a máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Ohun tí wọ́n rántí lẹ́yìn oorun pọ̀ ju èyí tí wọ́n rántí lẹ́yìn àìsùn lọ. Ènìyàn méjì kò tó gbé ìdájọ́ kà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló gbè é lẹ́yìn. Nínú oorun àsùnwọra ni ọpọlọ ti ń tún ẹ̀kọ́ ọ̀sán gbé yẹ̀ wò, tó ń tò ó síbi tí a ó ti rí i mú lọ́jọ́ ìdánwò.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ni tiwa o. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn mẹ́rin, ó lè jẹ́ ènìyàn mẹ́jọ ni yóò há síbẹ̀. Iná a dé ní agogo 1 òru, gbogbo ilé a dìde láti lọ aṣọ. Ẹ̀fọn ń kọrin, jẹnẹrétọ̀ ń gbè é. Ṣùgbọ́n fóònù tí a tàn sójú lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ wa ló wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì máa tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ẹni tí oorun ń kùn lọ́sàn-án lè rẹjú fún bí ìṣẹ́jú 20 kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jí pẹ̀lú ojú wúwo. Èyí kò san gbèsè náà tán. Èlé orí rẹ̀ ló san.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sùn wákàtí 8 lálaalẹ́ tí wọ́n ṣì ń tòògbé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń hanrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ a dá dúró díẹ̀ kí ó tó tún mí, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí, tó ń ta á jí lọ́pọ̀ ìgbà lóru láìmọ̀. Olùkọ́ kò lè rí èyí láti iwájú kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè mọ̀ ọ́n; ará yàrá rẹ̀ ló lè sọ fún un.